Ojú-Ewé Kan Láti Ìkirè, Òmíràn Láti Àpòmù

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a torí yín pé jọ, iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n ṣàlàyé bí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí ṣe lè kọ́ ìkànnì, kó sì gbé e sórí ayélujára kí gbogbo ayé rí i. N óò jẹ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi fẹ́ kó jẹ́ ọmọ Ìkirè àti ọmọ Àpòmù ni yóò ṣe é, torí ìdí náà ni yóò sọ ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ kọ.

Ẹni tó bá ṣí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, yóò bá Àpòmù níbẹ̀. Yóò rí i bí ọjà ńlá tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Yóò kà pé wọ́n ń jí ènìyàn gbé lọ́jà náà, pé wọ́n ń tà wọ́n lẹ́rú, àti pé ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ó ti tó nǹkan bí igba ọdún tí ó ṣẹlẹ̀, láti ìgbà náà wá sì ni wọ́n ti ń bímọ, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń jọba ní Àpòmù. Ta ló kọ ìyẹn sílẹ̀ níbi tí ọmọ Àpòmù tó wà ní London tàbí Houston ti lè kà á? Ti Ìkirè tún yàtọ̀ díẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ló mọ dòdò Ìkirè. Wọ́n á na owó jáde lójú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n á gba dòdò, ọkọ̀ á ṣí. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, èyí tí ẹlòmíràn ìbá dà nù, ni wọ́n fi ń ṣe é, pé ata àti iyọ̀ ni wọ́n pò mọ́ ọn, pé epo pupa ni wọ́n fi dín in tí àwọ̀ rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ìyá tó kọ́ ìyá rẹ̀ ní dòdò dídín, ẹni tó mọ ìgbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń wọ́n àti ohun tí àwọn oníṣòwò ń ṣe nígbà náà, inú gbọ̀ngàn yìí ló wà. Kò sí lórí Google.

Ó sì lè wà níbẹ̀ lóṣù yìí, láì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 1989, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà nítòsí Geneva, dá àbá bí àwọn onímọ̀ ṣe lè máa fi líǹkì so ìwé inú kọ̀ǹpútà kan mọ́ ti òmíràn. Ní 1991 ó gbé ìkànnì àkọ́kọ́ síta. Èyí tó kàn wá jù nínú ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1993, nígbà tí CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lo ohun èlò náà láì san kọ́bọ̀. Ẹ rántí bó ṣe rí nígbà ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn. Nígbà tí Henry Townsend dá a sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti òkè òkun wá ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, àwọn míṣọ́nnárì ló sì ni ín. Nígbà tí rògbòdìyàn 1867 dé, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú, ẹ̀rọ náà bá rògbòdìyàn náà lọ, ìwé ìròyìn náà sì kú. Lónìí, ọmọ girama tó ní fóònù Android kan ti ní ju ohun tí Townsend ní lọ. Ohun tó kù ni kó mọ̀ pé òun ní in.

Ìpínlẹ̀ wa yìí ti gbìyànjú nígbà kan. Ní 2013, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni, tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn èrò tó wà nídìí rẹ̀, n kò sì fara mọ́ àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kíkà ni Ọ̀pọ́n Ìmọ̀. Ẹlòmíràn ló ti kọ ohun inú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ọmọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún lónìí ni kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ di ẹni tó ń kọ.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ á sọ. Wọ́n á ní, "Mi ò ní láptọ́ọ̀pù." Kì í ṣe àwáwí, láptọ́ọ̀pù àlòkù pàápàá ti kúrò ní ohun tí ìyá tó ń ta ata kàn lè dìde kó rà fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Elvis Chidera, ọmọ Nàìjíríà bíi tiyín. Orí Nokia 2690, fóònù kékeré oníbọ́tìnnì, ló ti ń kọ kóòdù nígbà tí kò ní kọ̀ǹpútà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn náà síta ní 2018, lẹ́yìn tó ti di ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ tó ti MIT ní Amẹ́ríkà jáde wá ṣiṣẹ́. Fóònù tó wà lápò yín báyìí fi agbára ju tirẹ̀ lọ fíìfíì. Áàpù kan ń jẹ́ Acode lórí Android. Ibẹ̀ lẹ ti lè kọ kóòdù, ibẹ̀ náà lẹ ti lè wo bí ojú-ewé yín yóò ṣe rí. Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ ọ́, ẹ kò nílò dátà rárá. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí. Fáìlì lásán ni ojú-ewé ìkànnì, inú fóònù yín ló wà, ẹ sì lè máa tún un ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìbáà sá lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde ni ẹ ó lo dátà, ojú-ewé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kò sì jẹ dátà tó fídíò TikTok kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ. Ẹ dá fáìlì kan, ẹ pè é ní index.html, lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀. Orúkọ yẹn ni kọ̀ǹpútà tó bá gba ìkànnì yín sọ́dọ̀ yóò kọ́kọ́ wá. HTML ni a fi ń kọ ọ́. Kò ní ìṣirò nínú, ẹni tó lè kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè kọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún Chrome, áàpù tí a fi ń ṣí ìkànnì, pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, èyí ni àwòrán. Bí ewé ṣe ń bo ẹ̀kọ níwájú tó sì bò ó lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi àmì ìṣí síwájú ọ̀rọ̀, tí a sì ń fi àmì ìpadé sẹ́yìn rẹ̀. h1 wà fún àkọlé ńlá, p wà fún ìpínrọ̀, a wà fún líǹkì; img tó wà fún àwòrán nìkan ni kì í ní ìpadé nínú àwọn mẹ́rin yìí. Ìwọ̀nyí ti tó láti fi kọ ìtàn dòdò Ìkirè látòkè délẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ jù ni pé á ṣí àmì, á gbàgbé láti pa á dé, gbogbo ojú-ewé á wá di àkọlé gàdàgbà láti ibẹ̀ lọ dé ìsàlẹ̀. Kó má bẹ̀rù. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Kó padà sókè, kó wá ibi tí ìpadé ti yọ, kó fi í síbẹ̀. CSS ló ń fún ojú-ewé ní àwọ̀ àti ìrísí, JavaScript ló ń jẹ́ kó dáhùn nígbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì. Ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ná. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó ń pààrọ̀ àwọ̀ bọ́tìnnì títí ọ̀sẹ̀ fi parí, tí kò sì tíì kọ gbólóhùn kan.

Àwọn kan á ní ChatGPT lè kọ gbogbo rẹ̀ ká tó ṣẹ́jú. Òótọ́ ni. Ẹ lò ó bí olùkọ́: ẹ ní kó ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í léèrè ohun tí kò bá yé yín. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó bá yín kọ ìtàn ilé yín. Kò gbọ́ ọ rí, ohun tí kò bá sì mọ̀, ó lè hun ún bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Lókè fáìlì index.html yẹn, nǹkan méjì wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ṣẹ́ yìí há sórí. Àkọ́kọ́ ni lang="yo", tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni èdè ojú-ewé náà. Ìkejì ni charset="utf-8", òun gan-an sì ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Ìwé orúkọ ńlá kan wà tó ń jẹ́ Unicode, níbi tí lẹ́tà ọ̀pọ̀ èdè ayé ti ní nọ́ńbà tirẹ̀. UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992, ni ọ̀nà tí a ń gbà to nọ́ńbà wọ̀nyẹn sínú fáìlì. Lẹ́tà s lásán ń gba àyè kan. Ṣ tiwa tó ní àmì nísàlẹ̀ ń gba àyè mẹ́ta. Bí ẹ kò bá sọ fún Chrome pé UTF-8 lẹ lò, ó lè ka àyè mẹ́ta yẹn bí lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣ á wá di á¹£. Ẹ wò ó, àmì owó pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wọ àárín orúkọ Ọ̀ṣun! Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti bá irú rádaràda yìí pàdé ló rò pé èdè wa ni kò bá kọ̀ǹpútà mu. Kò sí ohun tó ṣe èdè wa. Ìlà kan ni ẹni tó kọ́ ìkànnì náà kò kọ.

Ó tún ku ibì kan. Unicode fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà wà lọ́tọ̀, àmì ohùn wà lọ́tọ̀, ẹ̀rọ ló ń gbé ọ̀kan gun èkejì lójú wa. Ẹnì kan lè kọ́kọ́ tẹ é, kó tó wá fi àmì sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn á kọ́kọ́ tẹ ẹ, kó tó fi àmì ohùn lé e lórí. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Nínú fáìlì, wọ́n yàtọ̀ síra, ènìyàn sì lè wá orúkọ baba rẹ̀ nínú ojú-ewé kó má rí i, bẹ́ẹ̀ orúkọ náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ìkànnì kan máa lo kíbọọ̀dù kan náà. Gboard orí Android ní Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, tí wọ́n gbé YorubaName.com jáde ní 2016 láti kó orúkọ Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn jọ, tún ṣe kíbọọ̀dù fún Windows àti Mac, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn: orúkọ, ohun tí kò sí ilé tí kò ní in.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé fífi àmì sórí ọ̀rọ̀ ń fi àkókò ṣòfò, pé ẹni tó gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. N kò gbà. Ọmọ yín tí wọ́n bí sí Peckham ní London, tó ń kọ́ Yorùbá lójú fóònù, kò ní ìyá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò bá a ki oríkì ilé baba rẹ̀. Àmì orí ọ̀rọ̀ ni yóò bá a pè é.

Ọ̀rọ̀ àwòrán kò gùn. Fọ́tò tí fóònù òde òní yà lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ bá fi mẹ́wàá irú rẹ̀ sí ojú-ewé kan, ẹ ti jẹ dátà ẹni tó ń wò ó tán. Ẹ dín wọn kù kí ẹ tó lò wọ́n, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju nǹkan bíi kìlóbáìtì 200 lọ.

Gbígbé e jáde wá ńkọ́? Ẹ lọ sí GitHub, níbi tí àwọn tó ń kọ kóòdù káàkiri ayé ti ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí. Ẹ forúkọ sílẹ̀, kò gba owó. Ẹ dá àpótí iṣẹ́ kan síbẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ tí ẹ fi wọlé, kí .github.io sì tẹ̀ lé e. Ẹ kó index.html yín sínú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú-ewé yín ti ní àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láti ibikíbi, ó sì ti ní ààbò https lórí. Ẹ má dúró kó pé kí ẹ tó ṣe é. Ọjọ́ tó bá ti ní gbólóhùn mẹ́ta tó jẹ́ òótọ́, ẹ gbé e jáde lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ti rí iṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní sùn kó tó tún un ṣe, ẹni tó ń dúró dìgbà tó bá dára máa ń fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ni. Bí ìkànnì bá wá dàgbà, tó ń fẹ́ ìròyìn tuntun lójoojúmọ́, WordPress wà, ó ti wà láti 2003, kò sì ní ṣòro fún ẹni tó ti mọ HTML.

Àwọn oníṣòwò máa ń bi mí pé kí ni Facebook wá ṣe. Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ máa lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn ni. Láti oṣù kẹfà 2021 di oṣù kìíní 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan làwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń bá a pàdé, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì fún oṣù méje. Nínú oṣù kẹwàá 2021 kan náà, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ káàkiri ayé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹ ní àdírẹ́sì tiyín, kí Facebook máa tọ́ka àwọn ènìyàn síbẹ̀. NiRA ló ń bójú tó àwọn àdírẹ́sì tó parí sí .ng, àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ló ń tà á. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìkànnì ìlú ti ń kú sí: ọ̀dọ́ kan fi ímeèlì ara rẹ̀ rà á, ó rí iṣẹ́ sí Èkó, ọdún yípo, kò sẹ́ni tó san owó, kò tún sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Bí ẹgbẹ́ ìlú bá fẹ́ ìkànnì, kí ènìyàn mẹ́ta, ó kéré tán, mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé náà, kí owó ọdún tó ń bọ̀ ti wà nínú àpò ẹgbẹ́, kí ẹ̀dà gbogbo fáìlì náà sì wà lórí fíláàṣì lọ́wọ́ akọ̀wé.

Ẹ̀yin òbí, mo ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ. Mo mọ ẹ̀rù tó ń bà yín nígbà tí ọmọ bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù. Yahoo, jìbìtì orí ayélujára, ni ẹ máa ń rò. Ẹ̀rù náà kò wá láti òfìfo, ṣùgbọ́n ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ òdodo ní jàǹbá. Ọ̀kan lára ohun tó mú àwọn ọ̀dọ́ jáde sójú títì nínú oṣù kẹwàá 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, ni pé ọlọ́pàá ń dá wọn dúró lójú ọ̀nà nítorí pé láptọ́ọ̀pù wà nínú báàgì wọn. Ẹni tó ń lu jìbìtì a máa fi ara pamọ́. Ẹni tó ń kọ́ ìkànnì ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí gbangba, orúkọ rẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jókòó tì í. Ẹ ní kó ṣí ojú-ewé náà fún yín, kó kà á sí yín létí. Bó bá ṣi orúkọ baba ńlá yín kọ, ẹ̀yin lẹ ó bá a tún un ṣe, iṣẹ́ náà á sì di ti ẹ̀yin méjèèjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ bá gbọ́ ni ẹ ó gbé síta. Bí ìyá kan bá sọ bó ṣe ń dín dòdò fún yín, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí orúkọ àti fọ́tò òun jáde. Ẹ má fi nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni síbẹ̀ láì gba àṣẹ. Ohun tí wọ́n bá ní ti inú ilé ni, ẹ jẹ́ kó gbé inú ilé. Láti 2023, òfin ti wà ní Nàìjíríà tó ń dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ènìyàn, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí kò ní dúró de òfin.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan níhìn-ín ní Ìkirè, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè àti àṣà. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ni kí wọ́n so akẹ́kọ̀ọ́ kan tó mọ Yorùbá kọ pọ̀ mọ́ ọmọ girama kan tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, ọ̀kan láti Ìkirè, ọ̀kan láti Àpòmù. Kí àwọn méjèèjì mú kókó kan péré. Ọjà Àpòmù, fún àpẹẹrẹ: ọjọ́ tí wọ́n ń ná an, ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ibi tí ọ̀nà rẹ̀ ti wá, ohun tí àwọn àgbà rántí nípa rẹ̀ kí mọ́tò tó pọ̀. Kí wọ́n lọ bá àgbà mẹ́ta, kí wọ́n gba ohùn wọn sórí fóònù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì tó pé, kí wọ́n tún kà á padà fún àwọn àgbà náà kó tó jáde. Ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú yìí, bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i fún wọn, ẹ sì sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè kọ ọ́ bí ẹ ṣe pè é.